Lẹ́tà Tí Mo Kọ Kí Wọ́n Tó Tú Báńdéèjì

Ìró ìgò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìgò ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ méjìlá, nínú kẹ̀kẹ́ onírin tí mò ń tì, tí táyà rẹ̀ kan ti wọ́, tí àwọn ìgò náà sì ń forí kan ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin rẹ̀: kẹ̀ǹkẹ̀, kẹ̀ǹkẹ̀, kẹ̀ǹkẹ̀. Àwọn aláìsàn kò nílò aago. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró yẹn, wọ́n á mọ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ti lù, ẹnì kan á sì pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Onítọ̀ ti dé o! Ẹni tó bá ní tiẹ̀, kó gbé e kalẹ̀!"

Èmi ni Onítọ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí kọ́ nìyẹn, àmọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko, òun ni mò ń jẹ́ nílé ìwòsàn náà. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà yẹn, irun mi ṣì dúdú, ọdún kẹjọ tí mo kúrò nílé sì nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti gba gbogbo ìtọ̀ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá tọ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n wọ̀n ọ́n, kí n sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dúró gbọ́ ìdí rẹ̀ ná.

Àwọn dókítà ibẹ̀ fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n la ikùn láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, kí wọ́n so ojú méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì rán ikùn padà. Ọ̀nà tuntun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà, ni pé kí wọ́n lu ihò kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ inú ọ̀kan, kí wọ́n ti irinṣẹ́ gígùn bọ inú àwọn yòókù, kí wọ́n sì máa wojú tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Ojú ihò là ń pè é láàárín ara wa. Jẹjẹrẹ kan náà ni wọ́n ń yọ, ìfun kan náà ni wọ́n ń gé. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kò bára mu.

Èwo nínú méjèèjì ni ara ń tètè gbàgbé? Ohun tí wọ́n ní ká wá nìyẹn. Bí wọ́n bá gé èèyàn lábẹ ńlá, ara kì í mọ̀ pé dókítà ló gé òun. Ogun ló máa rò pé ó dé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í já igi àjà ilé ara rẹ̀ láti fi dáná. Ṣúgà á lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí. Ẹran apá á máa yọ́, ẹran itan á máa yọ́, ìdọ̀tí tó bá kù lára ẹran tó yọ́ náà á sì bá ìtọ̀ jáde. Torí náà, ẹni tó bá yẹ ìtọ̀ wò dáadáa á mọ iye tí ara ti jẹ lára ara rẹ̀ láti àná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ní òṣùwọ̀n tí mò ń gbé wọn gùn, mo sì ní irin kan tó ní ojú bíi ti aago, tí aláìsàn á fi gbogbo agbára ọwọ́ fún, kí n lè ka iye kílò tí agbára ọwọ́ náà tó.

Òfin kan wà tó le ju gbogbo òfin lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, yálà wọ́n là á ni o, yálà wọ́n lu ú níhò ni o, báńdéèjì fífẹ̀ kan náà ni wọ́n á fi wé e láti abẹ́ àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n á sì ta oògùn pupa sí i níbi kan náà. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mú ọ̀nà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn tó di abẹ mú àti nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ báńdéèjì títí di ọjọ́ keje. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Èmi tí mò ń wọn nǹkan, èmi ni mi ò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbìyànjú.

Sístà Àgbà, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ti fa etí mi síbi kan ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Má fojú wá a, má fẹnu wá a, má sì fọkàn wá a. Ẹni tọ́kàn rẹ̀ bá ti mọ ibi tó fẹ́ kí òṣùwọ̀n lọ, ọwọ́ rẹ̀ á bá a tì í."

Mo ní, "Ẹ̀yin Sístà, èmi? Ẹ ò mọ̀ mí ni."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Mo mọ ọkùnrin," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún kejì ni Kápẹ́ńtà àti Dírẹ́bà dé. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn sì ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà. Kápẹ́ńtà ga, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì, ó sì ní ìyàwó. Dírẹ́bà ti wa bọ́ọ̀sì láti kékeré títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́nká, kí wọ́n sì tó rí ohun tó ń ṣe é, kò ti lè jẹun dáadáa fún oṣù mélòó kan. Àwàdà ni òun fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tèmi, ojú ihò ni," ló kígbe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. "Mo mọ̀ ọ́n lára. Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ń yún mi."

"Ìdun ló ń jẹ ọ́," ni Kápẹ́ńtà dá a lóhùn. "Èmi ni wọ́n lu níhò. Ẹni tó ti lu ihò sára igi fún ogójì ọdún, ṣé kò ní dá ihò mọ̀ ni?"

"Ìwọ kẹ̀? Wọ́n ti là ẹ́ bíi pákó. Wo bó o ṣe nà gbalaja, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn."

"Onítọ̀, gbà wá lọ́wọ́ ara wa! Ta ni wọ́n là nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin àgbà," ni mo sọ, "ìtọ̀ nìkan ni mo mọ̀."

"Ìtọ̀ ta ló dára jù, nígbà náà?"

Ìyàwó Kápẹ́ńtà ni mi ò lè gbàgbé. Obìnrin pẹ́ńpẹ́, tí orí rẹ̀ kò ju èjìká ọkọ rẹ̀ lọ. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, á ti wọlé pẹ̀lú ẹyin sísè méjì àti fúláásì mílíìkì gbígbóná, nítorí Sístà Àgbà ti sọ fún gbogbo ará ilé aláìsàn pé ẹni tó bá lè gbé e mì, kó jẹ ẹ́. Bí ọkọ bá jẹun tán, á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ dìde, Bàbá. Ilẹ̀ ò ní gòkè wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Obìnrin yìí fẹ́ pa mí o!"

"Bí mo bá fẹ́ pa yín, mi ò ní dúró títí dókítà á fi tún yín ṣe tán. Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Wọ́n á rìn dé ẹnu fèrèsé, wọ́n á padà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kápẹ́ńtà ń fi ìka kan ògiri, ó ń bú ẹni tó kan férémù ilẹ̀kùn ibẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ tí kò parí ẹ̀kọ́ ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, Dírẹ́bà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí a bá ti rẹ́rìn-ín àwàdà rẹ̀ tán, á rọra yí ojú sí ògiri.

Kí wọ́n tó gé wọn, Kápẹ́ńtà fún irin mi dé kílò méjìdínlógójì, Dírẹ́bà fún un dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan bọ́ sí ọgbọ̀n, èkejì bọ́ sí méjìlélógún. Ní ọjọ́ karùn-ún, Kápẹ́ńtà ti padà dé mẹ́rìndínlógójì. Dírẹ́bà ṣì wà níbi méjìlélógún, ìgò rẹ̀ sì ń sọ fún wa pé ẹran ara rẹ̀ ṣì ń yọ́.

Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo rò ó. Mo wo ìlà méjèèjì nínú ìwé mi, èyí tó ń gòkè àti èyí tó sùn sílẹ̀, ọkàn mi sì sọ pé: wọ́n lu Kápẹ́ńtà níhò, wọ́n la Dírẹ́bà. Ó dá mi lójú bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn, mo bẹ̀rù Sístà Àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá dùn ún sọ, inú kì í gbà á. Àbúrò mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní, ti kọ lẹ́tà sí mi láti ilé. Kí n tó kúrò nílé, wọ́n ti la ikùn ìyá wa nígbà kan. Màámi yè é, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àbúrò mi, tí kò tíì pé ogún ọdún, fi ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀ bí ẹni gbé ìdì igi gbígbẹ. Ẹ̀rù abẹ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sí mi pé: "Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ pé níbi tẹ́ ẹ wà, wọ́n ń gé èèyàn láì gé e. Ṣé òótọ́ ni?"

Ilé jìnnà. Ta ló máa gbọ́ níbẹ̀, tó máa wá sọ fún Sístà Àgbà? Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún náà, lórí tábìlì yàrá àyẹ̀wò, mo kọ èsì:

"Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ojú mi yìí ló rí i. Ọkùnrin kan ń bẹ níbí tó ń fún irin bí ẹni tí abẹ kò kàn rí, ojú ihò ni wọ́n gbà ṣe tirẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n là, ògiri ló ń wò. Bó bá kan ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, títí ayé, ẹ má gbà kí wọ́n là á. Ẹ ní ojú ihò lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ nìyí."

Mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, mo jù ú sínú àpótí lẹ́tà bí mo ṣe ń lọ sílé.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n fa kọ́tìnnì sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì àwọn méjèèjì níṣojú wa. Ti Kápẹ́ńtà ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan gùn bọ̀ọ̀rọ̀, irin kéékèèké tó di ojú ọgbẹ́ náà mú tò lé ara wọn. Wọ́n ti là á. Wọ́n tú ti Dírẹ́bà: ojú ihò mẹ́rin, àti ojú ọgbẹ́ kúkúrú kan tí kò gùn ju ìka lọ, níbi tí wọ́n ti fa ìfun tó bàjẹ́ jáde.

"Mo sọ fún ọ!" ni Dírẹ́bà pariwo. "Ṣebí mo sọ fún ọ! Ojú ihò! Mo jẹ ọ́!"

Kápẹ́ńtà fi ìrọ̀rí di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kérora. "O jẹ mí, o jẹ mí. Yéè! Má pa mí lẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ni ojú Dírẹ́bà yí padà. Ó wo àwọn ihò kéékèèké náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, kì í ṣe fún ẹnì kan pàtó, "Kí ló wá dé tí mi ò lè dìde?"

Dókítà ń wo ìwé. Ìyàwó Kápẹ́ńtà ló gbé fúláásì rẹ̀ kalẹ̀, tó rìn yí ìdí bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ ká, tó sì dúró níwájú ọkùnrin yẹn.

"Ẹ na ọwọ́ yín sí mi, ọ̀gá dírẹ́bà. Ẹyin kan ló kù. Ẹ ó jẹ ẹ́, a ó sì dé fèrèsé."

"Mà, mi ò lè."

"Ohun tí èyí náà sọ nìyẹn," ló wí, ó sì fi orí júwe ọkọ rẹ̀. "Mi ò gbọ́ tirẹ̀, ṣé tiyín ni màá wá gbọ́?"

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjì ló ń fà dìde. Nígbà tí Dírẹ́bà fi máa lọ sílé, ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ń bú nọ́ọ̀sì pé mílíìkì wọn kò dùn tó ti ìyàwó Kápẹ́ńtà.

Sístà Àgbà rí ojú mi lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì náà. Ó pè mí sí ìkọ̀kọ̀. "O ti tú u nínú ọkàn rẹ tẹ́lẹ̀, àbí?" Ó tún ní, "Ẹni méjì lo rí. Ìdí tá a fi ń wọn ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọ̀kan wá pẹ̀lú ẹran lára àti aya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan wá pẹ̀lú ebi. O wá gbé gbogbo ẹ̀ka kúrò, o ní abẹ nìkan ni igi."

Nígbà tá a parí gbogbo rẹ̀, tí wọ́n kó ìlà gbogbo èèyàn pọ̀, ojú ihò ṣe dáadáa ní tòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, agbára ọwọ́ àwọn tí wọ́n lu níhò kò lọ sílẹ̀ tó ti àwọn yòókù, ẹran tó bá ìtọ̀ wọn jáde kéré sí i, ìrora wọn mọ níwọ̀n, wọ́n sì fi bí ọjọ́ méjì ṣáájú lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irin mi kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á ní kí wọ́n ká ẹ̀wù sókè. Ohun tá a rí níbẹ̀ nìyẹn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n kọ lẹ́tà kejì sílé. Mo ní màá kọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èsì àbúrò mi ló kọ́kọ́ dé, ó ní òun ka lẹ́tà mi sókè fún gbogbo ẹbí, pé wọ́n pàtẹ́wọ́, pé Màámi sunkún ayọ̀ pé ọmọ àwọn ti di ọ̀mọ̀ràn. Ta ló máa gba irú ìyẹn tán, tó máa wá kọ̀wé pé òun ṣì í? Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Oṣù di ọdún. Màámi kú, mo sunkún níbi tí mo wà. Iṣẹ́ mú mi lọ sí ìlú míràn, mo fẹ́yàwó níbẹ̀, mo sin ín síbẹ̀. Mo máa ń sọ pé màá lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí lẹ́tà náà nígbà tí ọmọ àbúrò mi pè mí lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ Ajé ni, mò ń bó ọsàn lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jókòó?"

"Mo jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màámi ni. Wọ́n rí nǹkan nínú ìfun wọn. Jẹjẹrẹ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Dókítà ní òun lè yọ ọ́. Ó ní kò tíì tàn, àmọ́ ó ti ń dí ọ̀nà, pé kò yẹ ká jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló mú. Màámi ò gbà."

"Kí nìdí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kẹ̀?"

"Lẹ́tà yín. Inú báàgì wọn ni wọ́n ti fà á yọ, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Wọ́n kà á fún dókítà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tẹ́ ẹ ti kí àwọn ará ilé. Dókítà ní, 'Mà, ọdún wo ni wọ́n kọ èyí?' Wọ́n ní, 'Òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í gbó.'"

Ìbá pa mí lẹ́rìn-ín ká ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọmọ náà ṣàlàyé pé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn kò ní irinṣẹ́ ojú ihò. Lílà ni dókítà ibẹ̀ ń là, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ojú ihò jìnnà, oṣù mẹ́rin gbáko ni èèyàn sì máa fi tò kó tó kàn án. Àbúrò mi ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sì tíì fọwọ́ sí ìwé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ní kó gbé tẹlifóònù fún ìyá rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ìwọ ni kí n bi."

"Mo mu tíì. Ọmọ yìí ti wá rojọ́ mi, àbí? Aláròyé ni, ó jọ yín."

"Ó ní o kò fẹ́ ṣe é."

"Ta ló ní mi ò fẹ́? Màá ṣe é. Ojú ihò ni màá ṣe, bí ẹ ṣe sọ. Ọmọdé kan ló ní òun fẹ́ là mí. Kò tó ọmọ mi tó kéré jù!"

"Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù, àbúrò mi."

"Mo ti dúró dè yín fún ọdún méjìdínlógójì," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé oṣù mẹ́rin ló máa wá pa mí?" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ ò dúró títí ara Màámi fi yá tán nígbà yẹn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ti padà síbi iṣẹ́. Èmi ni mo gbé wọn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi gbé mi bẹ́ẹ̀."

Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà ní ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lẹ tún fẹ́ rò? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ nǹkan sínú tẹlifóònù, mo pa á rẹ́. Ọjọ́rú, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ìwé ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àlàyé ìlà àti kílò, kò síbi tí mo ti ní mo ṣì í. Èkejì ní kó ṣe ohun tí dókítà bá wí, kò sọ ìdí. Mo mọ̀ pé á ní ẹnì kan ló gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi. Ìtìjú nìkan kọ́ ló ń dá mi dúró. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ní kó lọ, tó lọ, tí kò sì padà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa á. Bí mo bá sì dákẹ́, tí ọ̀nà náà dí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ló pa á. Ọjọ́bọ̀, mi ò tẹ nǹkan kan. Mo jókòó ti fèrèsé, mò ń wo àwọn èèyàn tó ń sáré wọ ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́: "Bàbá, wọ́n jẹ búrẹ́dì díẹ̀, wọ́n bì í. Ikùn wọn ti ń wú. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ni wọ́n ń dúró dè."

Mo wọ dígí ojú mi. Mo jókòó sí tábìlì oúnjẹ, mo gbé tẹlifóònù lé orí aṣọ ìnura kó má bàa máa yọ̀. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, mi ò pa ọ̀kankan rẹ́ mọ́. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo fi í ránṣẹ́. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Àbúrò mi, mo parọ́ fún ọ. N kò mọ̀ pé irọ́ ni lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò sì sọ. Ọkùnrin tó ń fún irin yẹn, wọ́n là á ni. Èyí tó ń wo ògiri ni wọ́n lu níhò. N kò tíì rí abẹ́ báńdéèjì wọn nígbà tí mo kọ lẹ́tà sí ọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rò pé mo mọ nǹkan.

"Ojú ihò dára. Bó bá wà nítòsí rẹ, tí àyè sì wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní kó o ṣe é. Kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó sì fẹ́ yọ nǹkan náà kó tó dí ọ̀nà pátápátá. Wàá ní ìrora ju ti ojú ihò lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ara á máa bọ̀.

"Nípa Màámi. Abẹ nìkan kọ́ ló sọ wọ́n di igi gbígbẹ. Láyé ìgbà náà, àwọn dókítà ní kí wọ́n má jẹun, kí wọ́n má sì dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìdùbúlẹ̀, nǹkan olómi nìkan. Ara wọn ló ń jẹ ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa, ìwọ kò sì ṣe àṣìṣe kankan nínú bó o ṣe tọ́jú wọn. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn fún ọ tipẹ́. Wọn ò ní ṣe tìẹ bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá ti ní o lè jẹun, jẹun. Bó bá ní o lè dìde, dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ohun tí ikùn rẹ lè gbà láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ọmọ rẹ ò ní dá gbé ọ. Mo ti gba àyè nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ọjọ́ Ajé ni màá dé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Orúnkún mi kan ò gbọ́ tèmi mọ́, a ó jọ máa rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbà tó o bá fẹ́ bínú sí mi, wàá rí mi níbẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí ìwé náà báyìí, kí aago méjìlá tó lù. Bó o bá ti fọwọ́ sí i tán, má kọ nǹkan kan, pè mí ni. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ."